Òjìji Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lẹ́tà N

Ojú wọn ṣe mẹ́rin lórí àpótí sẹ́ńtì, ní ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó ráyè wo ojú ẹnì kejì rẹ̀.

Gbọ̀ngàn àwọn ológun fẹ̀yìntì ní Renfrew, ní Kánádà, kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, nítorí ọjà àwọn tó ń kó ògbólógbòó owó jọ. Àwọn èèyàn ń fi èjìká ti ara wọn láàárín àwọn tábìlì, ẹ̀wù òtútù ń ha ẹ̀wù òtútù, yìnyín ìdí bàtà ń yọ́ sórí pákó, òórùn kọfí sì gba gbogbo ilé. Tábìlì Màmá Pilatzke ni èrò pọ̀ sí jù. Òun nìkan ló máa ń da ògbólógbòó sẹ́ńtì ayé Ọbabìnrin Fikitóríà sínú àpótí bí ẹni da ẹ̀wà, tí á ní kí oníkálukú máa ṣa tirẹ̀. Averil Tackaberry rí ọ̀kan lórí aṣọ àwọ̀ ewé tí wọ́n tẹ́ síwájú àpótí. Ó nawọ́, ó mú un, ó ń gbé e lọ sójú. Ìgbà náà ló fura pé gbogbo ìdí tábìlì ti dákẹ́.

Ó gbójú sókè. Ọkùnrin kan jókòó ní òdìkejì, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa díẹ̀, awò kékeré tí wọ́n fi ń wo owó sì wà láàárín ìka rẹ̀. Ó wo Averil. Averil wò ó. Ẹ̀yin tó ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ mọ̀ ọ́n: ariwo gbọ̀ngàn ò dúró, èrò ò dín, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo rẹ̀ síta, tó wá ku ẹni méjì nínú yàrá.

"Mádáàmù," ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "iwájú mi lẹ ti mú un."

"Iwájú yín báwo? Ṣé ẹ ti sanwó rẹ̀ ni?"

Màmá Pilatzke pàtẹ́wọ́. "Ọmọ Lorne Tackaberry rèé o! Ṣé bàbá rẹ ò kọ́ ọ nílé ni? Owó téèyàn bá ti gbé síwájú ara rẹ̀ lórí aṣọ, ọwọ́ ẹlòmíì kì í kàn án, àfi tó bá dá a padà sínú àpótí. Ilé ì báà máa jó. Ọkọ ọlọ́kọ lo gbà nínú gbọ̀ngàn yìí, a lè fojú fò ó. Ṣùgbọ́n sẹ́ńtì ẹni ẹlẹ́ni? Háà!"

Ẹ̀rín bú. Ojú Averil pọ́n wẹ̀. Ó dá sẹ́ńtì náà padà sórí aṣọ bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi kì í ṣe ara yín. Bàbá mi ló rán mi."

"Mi ò bínú. Kí ló ní kí ẹ wá?"

"Ti ọdún 1859. Ó ní kí n wo lẹ́tà N tó wà nínú CANADA, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Ọbabìnrin."

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Tackaberry," ó wí bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ wá, ẹ jẹ́ ká mu kọfí."

Réjean Laderoute lorúkọ rẹ̀, ará Fort-Coulonge ní òdìkejì odò. Ó san owó sẹ́ńtì náà, tí òun gan-an jẹ́ ti 1859, wọ́n sì wá àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Averil ò mọ ohun tó mú un tú gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wọn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Bóyá bó ṣe ń fetí sílẹ̀ ni. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ dání, kò mu ún, ó kàn ń gbọ́.

Ayùn ni bàbá Averil fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pọ́n ní ilé-iṣẹ́ pákó. Ojú rẹ̀ lè rí eyín ayùn kan tó fi ìwọ̀n fọ́nrán irun yàtọ̀ sí ìkejì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé ojú náà lọ sórí sẹ́ńtì. Láyé ìgbà yẹn, ní London, òòlù ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá lẹ́tà wọnú irin ìtẹ̀, irin tí wọ́n fi ń tẹ owó, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ọwọ́ ẹni tó ń gbá a bá yẹ̀, á tún un gbá, ṣùgbọ́n ojú àkọ́kọ́ kì í parẹ́ tán. Á máa yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà bí òjìji, gbogbo owó tí irin náà bá sì tẹ̀ ló máa gbé òjìji ọ̀hún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú ẹ̀, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó ògbólógbòó owó jọ. Lorne rí òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ N. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́. Wọ́n ní ẹyọ kan kò tó ẹ̀rí, kó wá ìkejì tó ti inú irin kan náà jáde. Láti ìgbà náà ló ti ń wá a, títí àbàwọ́n dúdú kan fi wá jókòó sí àárín gbogbo ohun tó bá ń wò.

"Tó bá kọjú sí mi báyìí, etí mi nìkan ló ń rí," Averil wí. "Àyà rẹ̀ náà ò dáa mọ́. Dókítà ti sọ ohun tí dókítà ń sọ. Kò bẹ̀ mí ní nǹkan mìíràn, àfi kí wọ́n kọ orúkọ òun ti N yẹn kí òun tó lọ."

Réjean wo ilẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Èmi ni ẹgbẹ́ ń kó ọ̀rọ̀ sẹ́ńtì fún. Ìwé tí bàbá yín kọ kẹ́yìn, ọwọ́ mi ló bọ́ sí."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹyọ kan ò tó?"

"Èmi ni."

Ó yẹ kí Averil dìde nígbà náà. Kò dìde. Ó ní, "Ẹ wá lọ́la, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ mú èyí tẹ́ ẹ rà dání."

Lọ́jọ́ Àìkú, Lorne ti jókòó sídìí tábìlì ìdáná kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó ṣẹ́ ibì kan kù lábẹ́ àgbọ̀n tí kò rí.

"Ta nìyẹn tó ń nu ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé ọba?"

"Réjean Laderoute ni, sà. Láti Fort-Coulonge."

"Ará òdìkejì odò! Gbogbo ayé mi ni mo fi bá ẹ̀yin ará ibẹ̀ jà lórí họ́kì, ọ̀kan wá ń wọ ilé ìdáná mi. Averil, ka ṣíbí kó tó jókòó."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ṣíbí ilé wa dáa ju tiyín lọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ó lẹ́nu. Bu páì fún un."

Wọ́n jẹ páì ápù, wọ́n nu tábìlì, Averil sì gbé owó bàbá rẹ̀ jáde. Réjean fa àtùpà wálẹ̀ títí iná rẹ̀ fi ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí owó náà, nítorí ìmọ́lẹ̀ àtòkè kì í sọ òtítọ́ nípa bàbà. Ó gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo èyí, ó wo ìyẹn. Averil ò wo owó. Ojú ọkùnrin náà ló ń wò, ó sì yà á lẹ́nu pé kò pẹ́ tó ti ń mọ̀ ọ́n kà.

"Ìlà kan rèé," Réjean wí, "bí fọ́nrán irun, láti etí owó lọ sí ọ̀nà ọrùn Ọbabìnrin. Ibi tí irin ìtẹ̀ ti ń là nìyẹn. Ó wà lára tiyín, ó wà lára tèmi, ojú ibì kan náà. Irin kan ló bí wọn."

Lorne fi ọwọ́ lu tábìlì, àwo fò. "Mo sọ! Averil, mo sọ àbí mi ò sọ? Ìbejì ni wọ́n! N ńkọ́?"

Réjean gbé awò kalẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbóná ń kùn lábẹ́ ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ mọ àṣà ẹgbẹ́. A kì í dá ẹjọ́ owó lẹ́nu. Ìwé la fi ń dá a."

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Lọ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má fi èdè lọ́yà bà á jẹ́ o, kó yé èèyàn."

"Á yé yín, sà. Ẹ jẹ́ kí tèmi wà lọ́dọ̀ yín ná." Réjean sì fi sẹ́ńtì rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀.

Averil sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Yìnyín ń bọ́ wẹ́wẹ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú ọkùnrin náà. Ká ní ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà láàárín wọn ni, ibẹ̀ ni ì bá ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Òjìji ò sí lára tiyín," Averil wí. "Mo rí i lójú yín."

"Kò sí níbẹ̀. N ti ara tèmi dá dúró gedegbe. Ká ní inú irin ni àṣìṣe náà wà, gbogbo ọmọ irin náà ni ì bá ní in. Ẹ tún wò ó: ìlà ara tèmi kúrú ju ti bàbá yín lọ. Èyí fi hàn pé tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, nígbà tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Tèmi ni òjìji ì bá ti hàn jù, kí irin tó gbó." Ó nu ojú. "Owó bàbá yín mì lábẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ni. Irin kàn fi ẹ̀gbẹ́ ha á nígbà tó ń gbéra. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Averil..."

"Arúgbó ni, Réjean. Àyà ń dùn ún. Ta ni yóò pa lára? Ìlà kan nínú ìwé tí ẹni mélòó ń kà?"

Réjean mi orí. "Bàbá yín ná ojú rẹ̀ tán lórí òtítọ́ N yẹn. Ṣé irọ́ ni kí n wá fi san án fún un?"

"Ẹ̀yin mọ owó. Èmi mọ bàbá mi. Tí kì í bá ṣe 'bẹ́ẹ̀ ni' lẹ máa kọ, ẹ má wá síbí mọ́."

Réjean yí padà. Ó wọ ọkọ̀. Averil dúró títí iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fi rá sínú yìnyín, ó dúró síbẹ̀ sí i, títí bàbá rẹ̀ fi ń pè é láti inú ilé pé ṣé ó fẹ́ di igi ni.

Ìwé náà dé. Àpòòwé rẹ̀ nípọn, ó wúwo lọ́wọ́. Averil mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ sọ pé 'bẹ́ẹ̀ ni' kì í nílò ìwé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò ṣí i. Ó tì í sábẹ́ àwọn táwẹ́ẹ̀lì nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Àwọn ìfìwéránṣẹ́ ti kọjá?" ni bàbá rẹ̀ máa ń bi í tó bá ti gbọ́ ìró bàtà lójú ọ̀nà.

"Wọ́n ti kọjá, Dádì. Kò sí nǹkan."

"Ará òdìkejì odò yìí mà lọ́ra o. Ìgbín ni."

Fóònù ò dún. Averil ti ní kí Réjean má wá mọ́, ọkùnrin náà sì jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ràn. Níbi tó ti ń ta oògùn ní kẹ́mísì, gbogbo ìgbà tí agogo ẹnu ọ̀nà bá dún ni ọkàn rẹ̀ máa ń fò sókè, á sì tún jókòó nígbà tó bá rí i pé ẹlòmíì ni. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìyà tó wà nínú kéèyàn lé ẹni tó fẹ́ràn dànù, kí onítọ̀hún sì lọ lóòótọ́, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní ìdí ọbẹ̀ ẹ̀wà, Lorne gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Mo ti bá Pilatzke sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú wa, mo máa dìde. Màá gbé sẹ́ńtì méjèèjì kalẹ̀ lórí aṣọ, kí gbogbo wọn fi awò wò ó."

Averil gbé ṣíbí tirẹ̀ náà kalẹ̀. "Dádì, ẹ dúró de ìwé ná."

"Ìwé wo? Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan, mo ti ní méjì. Gbogbo àwọn tó ń pè mí ní Lorne Olójìji látọjọ́ yìí wá, kí wọ́n wá wò ó. Màá wọ táì."

Averil rí i bí ẹni ń wo fọ́tò. Ó rí awò tó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kan. Ó rí ọkùnrin kan tó húkọ́, òmíràn tó yí ojú sílẹ̀, Màmá Pilatzke tó fi ọwọ́ bo ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó sì rí bàbá òun tó dúró láàárín wọn pẹ̀lú táì lọ́rùn, tí kò lè rí ojú ẹnì kankan, tó ń rò pé ìdákẹ́jẹ́ náà, ọ̀wọ̀ ni.

Nígbà tí bàbá sùn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ó kó àwọn sẹ́ńtì lọ sídìí fèrèsé, níbi tí oòrùn òtútù ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ òtítọ́. Ohun tó ń wá ni ibi tí Réjean ti ṣìṣe. Nínú àkójọ bàbá rẹ̀, ẹyọ kan wà tí gbogbo ẹgbẹ́ gbà pé wọ́n tún lẹ́tà A inú GRATIA gbá. Ó kọ́kọ́ wo ìyẹn. Ẹsẹ̀ A àkọ́kọ́ yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ A kejì, ó ga, ó ní igun tirẹ̀, lẹ́tà gidi tó fara pamọ́ sábẹ́ lẹ́tà. Lẹ́yìn náà ló wo N bàbá rẹ̀. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó gbàdúrà. Òjìji náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú àtẹ̀gùn, kò ní igun, kò ní ara. Ibi tí nǹkan ti ha bàbà ni. Ó wo N ti Réjean, ó dá dúró gedegbe bó ṣe wí.

Ó gbé awò kalẹ̀. Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ṣí àpòòwé náà.

Abájọ tó fi nípọn. Ìlà méjì péré ló wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, yíǹkì dúdú kirikiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó àtàǹpàkò. Réjean kọ ọ́ kí ẹni tí àárín ojú rẹ̀ ti fọ́ lè fi ẹ̀gbẹ́ ojú kà á fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíì ló ti máa gbọ́ ọ. Lórí ewé àkọ́kọ́: *Bàbá Tackaberry, N yín yàtọ̀ lóòótọ́. Ojú yín ò parọ́.* Lórí ìkejì: *Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú irin ni ó ti wá.* Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ewé lórí ewé, kò fi èdè lọ́yà kankan sí i, kò sì fi àánú bò ó.

Averil jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn táwẹ́ẹ̀lì, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn ewé náà padà létòlétò, ó sì fi fóònù pe Réjean.

"Mo ti rí i," ó wí.

Réjean bi í pé, "Kí lẹ rí?"

"Ó tẹ́. Mo fi ti A wé e. Ó tẹ́, Réjean." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Dádì fẹ́ lọ gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé. Wá lọ́jọ́bọ̀. Jọ̀ọ́, wá, mi ò lè dá a ṣe."

"Màá wá."

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Lorne ti wọ ẹ̀wù, ó ti so táì, ó fi sẹ́ńtì méjèèjì sí àpò àyà. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń nu ara rẹ̀.

"Ará òdìkejì odò! O wá gbé mi lọ? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ Averil ń húkọ́ jù mí lọ."

"Dádì, ẹ jókòó ná."

"Ìpàdé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ jókòó. Ìwé ti dé." Averil fa àga sílẹ̀ fún un. "Ó ti pẹ́ tó ti dé. Èmi ni mo fi pa mọ́."

Arúgbó náà jókòó díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Réjean ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín ń yọ́ lórí èjìká rẹ̀.

"Ẹni tó bá fi ìwé ẹlòmíì pamọ́," Lorne wí nígbẹ̀yìn, "kì í ṣe nítorí pé ayọ̀ ló wà níbẹ̀." Ó gbé àgbọ̀n sí ìhà ẹnu ọ̀nà. "Laderoute. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ lo fi wò ó?"

"Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ni, sà. Léraléra."

"O ò kánjú?"

"Mi ò kánjú. Ó wù mí kí n rí i, Bàbá. Ó wù mí gan-an."

"Mo wò ó pẹ̀lú, Dádì," Averil wí.

"Ìwọ?" Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí i títí ojú ọmọ rẹ̀ fi bọ́ sí ibi kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ṣì kù sí lójú òun. Ó pẹ́ tó ti wò ó bẹ́ẹ̀. "Ìwọ tó ní bàbà kan ò yàtọ̀ sí bàbà kan. O rí i fúnra rẹ?"

"Mo rí i."

Kò bèèrè ohun tó rí. Ó gbé ọwọ́ sí ọrùn, ó tú táì náà, ó ká a, ó fi í lé orí tábìlì. Réjean wọlé, ó fa àtùpà wálẹ̀ fún un. Lorne na ọwọ́ síwájú, àtẹ́lẹwọ́ sókè.

"Ó dáa. Mú un wá. Èmi ni màá kà á."

Averil sì gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́.